Ọmọ Ogun Tí Ó Fẹ́ Di Agbẹjọ́rò: Kí Ni Kí Ó Ṣe sí Máàkì Tí Kò Dára?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń bá àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa fínra ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọn kì í sì í fẹ́ sọ síta. Ẹnìkan wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Ó sìn fún ọdún 4 tàbí ọdún 6, ó sì fẹ̀yìn tì ní àlàáfíà. Nísinsìnyí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, kí ó lè di agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ìwé máàkì rẹ̀ láti yunifásítì wò, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, nítorí máàkì náà kò dára.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀nà ti dí mọ́ mi nìyẹn?" Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà kò dí. Ṣùgbọ́n a kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni jẹ. Máàkì àtijọ́ kò ṣe é parẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó kù lọ́wọ́ wa: kí a sọ òótọ́ nípa máàkì náà, kí a gbé ohun tuntun tí ó lágbára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì ṣọ́ owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ibẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ogun, nítorí bí a bá fi ṣòfò, kì í sábà padà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló kan àwa nínú ọ̀rọ̀ ológun Amẹ́ríkà?" Ó kàn wá. Láti ọdún 2009 títí di ọdún 2016, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI. Ètò yìí fi àyè gba àwọn àjèjì tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tí wọn kò sì tí ì ní ìwé ìgbélùú, láti wọ iṣẹ́ ológun, kí wọ́n sì tètè di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, bí wọ́n bá jẹ́ elétò ìlera tàbí bí wọ́n bá gbọ́ èdè kan tí àwọn ológun nílò. Èdè Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Haúsá àti Ígbò. Yàtọ̀ sí àwọn tí ó gba ọ̀nà yìí wọlé, àwọn ọmọ wa tí ó ní ìwé ìgbélùú, àti àwọn tí wọ́n bí sí ọ̀hún, ń wọ iṣẹ́ ológun títí di òní. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n a máa wá ìmọ̀ràn. Àwọn tí wọ́n sì sábà máa ń bi léèrè ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́. Ó yẹ kí a ní ohun gidi láti sọ fún wọn.

2. Bí wọ́n ṣe ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà

Ní Nàìjíríà, ọmọ tí ó jáde sẹ́kọ́ńdírì lè wọ ẹ̀ka òfin ní yunifásítì tààrà. Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì, ẹ̀kọ́ yòówù kí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin fún ọdún 3, láti gba oyè tí wọ́n ń pè ní J.D. Bí ó bá gba oyè náà tán, yóò ṣe ìdánwò agbẹjọ́rò ní ìpínlẹ̀ tí ó ti fẹ́ ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ òfin kọ́kọ́ ń wò. Èkíní ni àròpọ̀ máàkì tí a gbà ní yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní GPA. Èkejì ni máàkì ìdánwò tí wọ́n ń pè ní LSAT. Àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, LSAC, ni ó ń ṣe ìdánwò yìí. Òun náà ni ó ń kó ìwé máàkì wa jọ, tí ó ń tún un ṣírò, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ "tún un ṣírò" yìí. LSAC a máa ka gbogbo kọ́ọ̀sì tí a ṣe ní ilé-ìwé gíga èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà kí a tó gba oyè àkọ́kọ́. Bí a bá kùnà nínú kọ́ọ̀sì kan tí a sì tún un ṣe, yunifásítì lè pa máàkì àkọ́kọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n bí máàkì méjèèjì bá wà lórí ìwé, LSAC yóò ka méjèèjì. Nítorí náà, máàkì tí yunifásítì kọ fún wa lè jẹ́ 3.2, kí ti LSAC sì kéré sí i. Ó yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó má baà bá wa lójijì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnìkan ṣe yúnìtì 60 kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun, tí máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 2.0. Ó ti iṣẹ́ ológun dé, ó ti dàgbà, ó sì ti mọ ohun tí ó ń wá. Ó ṣe yúnìtì 60 tí ó kù, ó sì gba 3.8. Kí ni àròpọ̀ rẹ̀? 2.9 ni. Ìsapá tuntun kò pa àìbìkítà àtijọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà yóò rí i pé ènìyàn méjì ni ó kọ ọ́: ọmọdé kan ni ó kọ apá òkè, àgbàlagbà kan sì kọ apá ìsàlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn.

Ẹni tí kò tí ì gba oyè àkọ́kọ́ ní ànfààní: gbogbo kọ́ọ̀sì tí ó kù ṣì wọ inú ìṣirò náà. Kí ó má kánjú parí. Ẹni tí ó ti gbà á kò lè gbé GPA náà sókè mọ́, kódà bí ó bá lọ gba oyè kejì. Wọn yóò rí máàkì oyè kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò sí nínú nọ́ńbà náà. Ní ti ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, LSAC kì í sọ máàkì rẹ̀ di GPA. Wọn yóò kàn ṣe àlàyé ìwé náà, wọn yóò sì sọ bóyá ó ga, ó mọ níwọ̀n, tàbí ó kéré. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdánwò LSAT ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí dì mú.

3. Ẹ má bo máàkì náà mọ́lẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ òfin fi àyè sílẹ̀ fún wa láti kọ ìwé kúkúrú kan tí ó ṣàlàyé máàkì tí kò dára. Àwọn kan kì í kọ ọ́ rárá, wọ́n rò pé bóyá wọn kò ní rí i. Àwọn mìíràn sì ń kọ ojú ìwé mẹ́ta, tí ó kún fún ẹ̀dùn ọkàn. Méjèèjì kò dára. Ìlàjì ojú ìwé ti tó. Ohun mẹ́ta ni kí ó wà nínú rẹ̀: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ó parí, àti ẹ̀rí pé ó ti parí lóòótọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ àkọ́kọ́: "Àwọn olùkọ́ kan kò fẹ́ràn mi, wàhálà sì pọ̀ fún mi nígbà náà." Ọ̀rọ̀ yìí kò wúlò. Ó di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, kò sì sí ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀.

Ẹ wo èkejì: "Ní ọdún 2014 àti 2015, mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, mo sì tún ń ṣe kọ́ọ̀sì 5 pọ̀. Mo kùnà nínú 3. Mo fi yunifásítì sílẹ̀, mo sì wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí mo padà ní 2020, mo ṣe kọ́ọ̀sì 10, kò sì sí èyí tí máàkì rẹ̀ kéré sí B." Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ó ní ọdún, ó ní iye, ó sì dúró sí ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó kà á kò ní ìbéèrè mọ́.

Ẹ lè ní, "Bí ó bá jẹ́ pé eré ọmọdé lásán ni mo ń ṣe nígbà náà ńkọ́?" Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 18 tí kò mọ ohun tí ó wá ṣe ní yunifásítì kì í ṣe ohun àjèjì lójú àwọn tí ń ka ìwé wọ̀nyí. Ohun tí wọn kò ní fara mọ́ ni kí ẹni ọdún 28 máa wá àwáwí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ogun tàbí ibùdó tí ó jìn ni ẹ ti ń ṣe kọ́ọ̀sì náà lóru, tí wọ́n sì kó yín kúrò ní àárín sáà ẹ̀kọ́, ẹ kọ déètì rẹ̀, nítorí ìwé ológun yóò jẹ́rìí sí i.

4. Ìdánwò LSAT: ibi tí agbára wa kù sí

Níwọ̀n bí GPA ti di ohun àná, LSAT ni nọ́ńbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ wa láti gbé sókè. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó sì parí sí 180. Láti oṣù August ọdún 2024, wọ́n ti yọ apá tí ó jẹ́ àlọ́ títò kúrò nínú rẹ̀. Apá 4 ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú 35 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní máàkì: méjì lórí bí a ṣe ń yẹ àríyànjiyàn wò, ọ̀kan lórí òye ìwé kíkà. Wọ́n kàn ń fi apá kẹrin dán ìbéèrè tuntun wò ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ èyí tí ó jẹ́.

Kí nìdí tí ìdánwò yìí fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí GPA rẹ̀ kéré? Bí a bá to àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù lọ dé orí ẹni tí tirẹ̀ ga jù lọ, máàkì ẹni tí ó dúró ní agbedeméjì ni à ń pè ní máàkì àárín. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ABA, fi àṣẹ sí, gbọ́dọ̀ tẹ máàkì àárín ti GPA àti ti LSAT jáde lọ́dọọdún. Wọn kò fẹ́ kí nọ́ńbà yìí wálẹ̀, nítorí ayé ń fi í díwọ̀n wọn. Ẹni tí GPA rẹ̀ wà lábẹ́ àárín, ṣùgbọ́n tí LSAT rẹ̀ wà lókè àárín, ń fi ọwọ́ kan fà wọ́n sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì gbé wọn sókè. Wọ́n lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí méjèèjì rẹ̀ wà lábẹ́ àárín, ọ̀nà rẹ̀ há gan-an, bí ó ti wù kí àmì-ẹ̀yẹ ológun rẹ̀ pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìdánwò yìí ṣeré. Ẹ fún un ní oṣù 6 ó kéré tán. Ẹ lo ìdánwò àtijọ́. LSAC fúnra rẹ̀ ń fi díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó tì í bí ẹni pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lo àkókò púpọ̀ ju ti ìdánwò lọ lórí èyí tí ẹ kò gbà, títí ẹ ó fi lè sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ọmọ ogun mọ irú iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ìbọn títú àti títò ní ọjọ́ kan; àtúnṣe lójoojúmọ́ ni.

Bí máàkì àkọ́kọ́ kò bá dára, ẹ lè tún un ṣe. Ìgbà 5 ni wọ́n gbà láàyè láàrin àkókò tí máàkì fi ń lò, ìgbà 7 sì ni ní gbogbo ayé ẹni. Èyí tí ó ga jù lọ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń kà fún àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rí ìyókù. Ẹni tí iṣẹ́ ológun bá sì ṣe léṣe, bóyá ní etí, ní ojú, tàbí ní ọkàn, lè fi ìwé dókítà béèrè pé kí wọ́n fún òun ní àkókò púpọ̀ sí i. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìtìjú.

5. Kí ni iṣẹ́ ológun fi kún wa?

Àwọn kan gbà pé tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti rí i pé ọmọ ogun ni àwọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ológun a máa ranni lọ́wọ́ nígbà tí a bá lè fi hàn ohun tí ó kọ́ wa. Nínú ìwé tí a ó fi sọ ìtàn ara wa, kì í ṣe ìbọn àti ìbúgbàmù ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wá ìpinnu tí a ṣe, ẹni tí ó kàn, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé òfin ni a fẹ́ kọ́. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ológun, tí ó rí i pé ìwé ẹrù kò bá ẹrù mu, tí ó sì kọ̀ láti fi ọwọ́ sí i, ní ìtàn amòfin lọ́wọ́ ju ẹni tí ó kàn ń ka orúkọ àwọn ìlú tí ó ti jagun.

Ẹ wo Charles Hamilton Houston, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1895. Ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun láti 1917 dé 1919, ó sì dé ilẹ̀ Faransé. Ìwọ̀sí tí ó rí tí àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ tirẹ̀ fi ń kan àwọn ọmọ ogun dúdú ni ó mú un pinnu pé bí òun bá yè é, òfin ni òun yóò kọ́, kí òun lè jà fún àwọn tí kò lè gbèjà ara wọn. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard ní 1919. Nígbà tí ó di adarí ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard, ó kọ́ Thurgood Marshall, ẹni tí ó di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1967. A kò sọ pé máàkì Houston kéré o. Ó ga gan-an. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé iṣẹ́ ológun fún un ní ìdí. Ẹni tí ó bá lè sọ ìdí tirẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọlé.

Ẹ kíyè sí èdè pẹ̀lú. Èdè ológun kún fún àgékúrú ọ̀rọ̀ tí ará ìlú kò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ kí ìyá yín lè lóye rẹ̀: "Mo darí ènìyàn 12. Mo ń tọ́jú ọkọ̀ 20." Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ má ṣe wá ọ̀gágun tí kò mọ̀ yín kìkì nítorí pé ipò rẹ̀ ga. Sájẹ́ǹtì tí ó bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún 2, tí ó mọ bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà tí nǹkan bá le, ni kí ẹ bẹ̀. Kí olùkọ́ kan láti yunifásítì sì wà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí máàkì yín ti ń dára.

6. Oṣù 36: ẹ ṣọ́ ọ dáadáa

Ní ọdún 1944 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní GI Bill, tí ó ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ láti kàwé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù August ọdún 2009. Ó wà fún àwọn tí ó sìn lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù September ọdún 2001. Ẹni tí ó sìn fún oṣù 36 ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré sí ìyẹn ń gba ìpín kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó ń san gbogbo owó ilé-ìwé tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san. Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ó ní ibi tí ó dúró sí lọ́dún. Ètò Yellow Ribbon lè dí àlàfo náà fún ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá wà nínú ètò yìí. Ẹ béèrè, nítorí àwọn kan fi iye ènìyàn sí i. Ó tún ń fúnni ní owó ilé gbígbé lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: oṣù ni wọ́n ń kà. Oṣù 36 ni wọ́n fúnni. Ọdún ẹ̀kọ́ kan jẹ́ nǹkan bí oṣù 9. Oṣù 36 tó fún ọdún ẹ̀kọ́ 4. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin yóò jẹ nǹkan bí oṣù 27. Ẹni tí ó bá ti ná gbogbo rẹ̀ sórí oyè àkọ́kọ́, tí máàkì rẹ̀ kò sì dára, ti pàdánù ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba àwọn àbúrò tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun níyànjú pé kí wọ́n lo owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gba oyè àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi oṣù 36 náà pamọ́ de ilé-ẹ̀kọ́ òfin.

Ẹni tí tirẹ̀ ti tán tàbí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ó má tí ì sọ̀rètí nù. Ní oṣù April ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ Rudisill. Ọmọ ogun kan ni ó pe ẹjọ́ náà nítorí owó ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó sìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin àtijọ́ àti tuntun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lè lo méjèèjì títí dé oṣù 48. Ètò mìíràn tún wà fún ẹni tí ó ní ìpalára láti inú iṣẹ́ ológun, tí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ òfin bí olùdámọ̀ràn bá gbà pé iṣẹ́ náà yẹ ẹni náà. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé gbèsè.

7. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí a yàn?

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọmọ ogun tí máàkì rẹ̀ kéré, tí owó GI Bill sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́ oníbàárà tí ilé-ẹ̀kọ́ aláìdára kan lè fẹ́ràn gidigidi. Pé wọ́n tètè gbà wá kò fi hàn pé wọn yóò sọ wá di agbẹjọ́rò. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: nínú àwọn tí ó wọlé bí tiwa, mélòó ni ó jáde, mélòó ni ó yege ìdánwò agbẹjọ́rò, mélòó ni ó rí iṣẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ kò pamọ́. ABA ń béèrè pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dọọdún: máàkì àwọn tí wọ́n gbà, iye àwọn tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àti bí wọ́n ti ṣe sí nínú ìdánwò agbẹjọ́rò. Òfin ABA ni pé kí ìpín 75 nínú 100 àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà yege láàrin ọdún 2. Ẹ wo èyí pẹ̀lú: ìròyìn náà a máa sọ iye àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àdéhùn máàkì, àti iye àwọn tí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ní California, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan wà tí ABA kò fi àṣẹ sí. Ẹni tí ó jáde níbẹ̀ sábà máa ń rí i pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò ní jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò wọn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a pín ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó ga díẹ̀ ju agbára wa lọ, èyí tí LSAT wa bá máàkì àárín rẹ̀ mu, àti èyí tí LSAT wa ti kọjá tirẹ̀. Bí gbogbo wọn bá kọ̀, ó sàn kí a dúró fún ọdún kan, kí a tún LSAT ṣe, ju kí a gbé oṣù 27 fún ẹni tí kò ní gbé wa débì kan.

8. Òtítọ́ níwájú àwọn tí ń gba agbẹjọ́rò wọlé

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ òfin a máa béèrè bóyá wọ́n ti fìyà jẹ wá rí, ní ilé-ìwé, ní kọ́ọ̀tù, tàbí nínú iṣẹ́ ológun. Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì dáhùn ohun tí ó béèrè gan-an. Ìyà tí ọ̀gá ológun fi jẹni láìdé kọ́ọ̀tù lè wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Lẹ́yìn ọdún 3, ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ ìwà àwọn agbẹjọ́rò tuntun wò lè gbé fọ́ọ̀mù yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ológun yín. Àṣìṣe ọmọ ọdún 20 ni wọ́n lè dárí jì. Irọ́ tí ẹni ọdún 28 pa láti bò ó ni ó lè ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí owó àti ọdún ti lọ.

Ìwé ìdásílẹ̀ náà ṣe kókó. GI Bill tuntun ń béèrè ìdásílẹ̀ tí ó ní ọlá pátápátá. Ẹni tí tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì gbà pé wọn kò ṣe ẹ̀tọ́ fún òun, lè bẹ ìgbìmọ̀ tí ó ń tún ìdásílẹ̀ yẹ̀ wò. Ọdún 15 ni ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kí ó ṣe èyí kí ó tó gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́.

9. Bí a ṣe lè tò ó

Bí a bá fẹ́ wọlé ní oṣù August ọdún kan, kí a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 18 ṣáájú. Oṣù àkọ́kọ́: ẹ gba gbogbo ìwé máàkì, kí ẹ sì ṣírò GPA yín bí LSAC yóò ṣe ṣírò rẹ̀, ẹ béèrè iye oṣù GI Bill tí ó kù. Oṣù 6 tí ó tẹ̀ lé e: LSAT nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀: ìwé ẹ̀rí, ìtàn ara ẹni, àti àlàyé máàkì. Nǹkan bí oṣù September ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣí ìlẹ̀kùn. Bí ìwé ti ń dé ni wọ́n ń gbani, nítorí náà ẹni tí ó tètè dé ni àyè ṣì pọ̀ fún. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń yọ owó fọ́ọ̀mù kúrò fún ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun ti di àgbà. Kí ó wo ẹ̀yìn, kí ó sọ ohun tí ó mú un ṣubú láìfi igbá bo ohunkóhun, kí ó sì dìde. Máàkì àná yóò wà lórí ìwé títí láé. Ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí nìdí tí GPA tí yunifásítì kọ fún wa fi lè yàtọ̀ sí ti LSAC?

2. Ohun mẹ́ta wo ni ó yẹ kí ó wà nínú àlàyé máàkì tí kò dára? Kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kọ àpẹẹrẹ kan, kí ẹ sì jọ tún un ṣe.

3. Ẹnìkan ti lo oṣù 18 nínú oṣù 36 rẹ̀. Ọdún mélòó ni yóò rí owó fún nílé-ẹ̀kọ́ òfin? Ibo ni yóò ti wá ìyókù?

4. Kí ló burú nínú kí ilé-ẹ̀kọ́ kan tètè gbani? Kí ni a gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó gbà?

5. Ẹ̀gbọ́n yín kan sọ pé, "Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nínú iṣẹ́ ológun, má kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀." Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀?